Ihò Kékeré Tí Mo Dí Lábẹ́ Iná Ọkọ̀ Alájì

Ẹ má bá mi kẹ́dùn tí ẹ bá ka ìtàn yìí tán. Ẹ bínú sí mi ni. Èmi náà ti ń bínú sí ara mi láti oṣù kẹfà tó kọjá, ìbínú náà kò sì tíì rọ̀.

Rídúwánù ni orúkọ mi, ọmọ ogún ọdún ni mí. Mo yege nínú ìdánwò báàkì, èyí tí wọ́n fi ń parí líísè, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n n kò tíì wọ yunifásítì. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Alájì Kàmọ́rù tó ń ta aṣọ lọ́jà, ni mò ń gbé ní Gbossimé, nílùú Lomé níbí. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti máa ń kí i. Ojú mi ló máa ń ṣiṣẹ́ ju ẹnu mi lọ.

Ní oṣù karùn-ún, ọmọlanke kan fọ́ iná igun apá ọ̀tún ọkọ̀ Alájì níwájú ilé wa. Iná igun ni iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ńlá iwájú. Òun ló máa ń tàn tó máa ń kú, tó tún máa ń tàn, tí awakọ̀ bá fẹ́ yà. Alájì ra méjì tuntun. Kì í ṣe ojúlówó tó ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ wá. Àdàkọ inú páálí ni, ṣùgbọ́n gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara.

A gbé ọkọ̀ náà lọ bá Sàkáríyà ní Hanoukopé. Ríwáyà ni Sàkáríyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo Yorùbá tó ní ọkọ̀ lágbègbè wa, òun ló ń tún iná wọn ṣe. Àwọn ló fi ń jẹun. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo dúró, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ kan kò ní èékánná. Ó yọ iná àtijọ́ kúrò, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ibi tí wáyà ti ń wọlé, ó ti rọ́bà róbótó kan bọ ìdí gílóòbù. Lẹ́yìn náà ló mú sílíkónì dúdú, góòmù tó máa ń di rọ́bà tó bá gbẹ, ó sì fi fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí gíláàsì ká. Nígbà tó gbẹ, ó gbé kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀, ó da omi lé e láti òkè. Omi kò wọlé.

Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ iná kọ̀ọ̀kan, kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò lọ. Kò dí i.

Mo rọra sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá Sàkáríyà, ó dà bíi pé ẹ gbàgbé ibí yìí."

"Mi ò gbàgbé," ó ní. "Ibẹ̀ ló ti ń mí. Tí òjò bá rọ̀, ó lè ṣe ìrì díẹ̀ nínú. Tí oòrùn bá mú, ìrì á gba ibẹ̀ jáde. Alájì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí i o."

"Iná ń mí?" Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Músíò Báàkì, wọn ò kọ́ yín ní ìyẹn ní líísè ni? Ó ń mí. Tó bá sùn, ó tún máa ń hanrun."

Àwọn awakọ̀ mẹ́ta tó jókòó sórí táyà, tí wọ́n ń dúró de iṣẹ́ tiwọn, bú sẹ́rìn-ín. Alájì náà rẹ́rìn-ín. Alájì ní, "Ẹ bá mi bi í. Gbogbo ìwé tó kà yẹn, kò tíì fi tan gílóòbù kan rí."

Ẹ̀fẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Síbẹ̀ etí mi gbóná títí a fi délé.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Bí Alájì ṣe ń ti ìrun àárọ̀ bọ̀, wọ́n dúró níwájú ọkọ̀. Ìrì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo inú gíláàsì náà.

"Wò ó," wọ́n ní. "Sàkáríyà náà ti ń ṣiṣẹ́ gbà-má-pòóyì."

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, oòrùn ti mú, ìrì náà ti lọ. Alájì kò rí i, wọ́n ti lọ sọ́jà. Èmi rí i.

Tó bá jẹ́ òtítọ́ ni mò ń wá, ìyẹn ì bá ti tó mi. Ohun tí ọkùnrin náà sọ ṣẹ lójú mi kòrókòró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ ni mò ń wá. Ohun tí mo fẹ́ ni kí Alájì jáde ní àárọ̀ ọjọ́ òjò kan, kí wọ́n rí i pé gíláàsì náà mọ́, kí wọ́n béèrè ẹni tó ṣe é. Mo ti to èsì mi sílẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Kò le. Fisíìkì lásán ni."

Célestin tó wá tún balùwẹ̀ wa ṣe ti gbàgbé ààbọ̀ sílíkónì funfun sórí fèrèsé. Ní ọ̀sán Sátidé kan, gbogbo ilé lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ imú ọkọ̀ náà, mo fún sílíkónì sínú ihò méjèèjì. Òórùn rẹ̀ ta mí nímú bíi fínígà tí wọ́n máa ń dà sí sàláàdì. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo tún tú ìdí gílóòbù, mo fi sílíkónì yí i ká dáadáa, mo dá a padà. Mo rẹ ìka mi sínú omi ọṣẹ, mo fi dán gbogbo rẹ̀. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Oṣù kẹfà wọlé, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Ìrì tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí kò lọ mọ́. Aago mẹ́wàá lù, ó wà níbẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, ó wà níbẹ̀. Ìrì di ẹ̀kán, ẹ̀kán di omi. Kò pẹ́ tí omi náà fi ga tó ìbú ìka kan nínú iná apá ọ̀tún, tí Alájì bá sì tẹ bíréèkì, omi náà á mì síwá, á mì sẹ́yìn.

"Ọjọ́ tí mo bá ráyè, màá gbé e lọ bá oníná-tó-ń-mí yẹn," Alájì ní.

Mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ lu ihò náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo mú abẹ́rẹ́ jáde. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo bá èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, ojú sì tì mí láti dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n máa bi mí pé kí ni mò ń wá. Nítorí ìtìjú, ẹ gbọ́ mi o, nítorí ìtìjú ni ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ fi kán.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú Alájì. Tí wọ́n bá fẹ́ yà, ohun kan máa ń dún nínú ọkọ̀ náà: kọ́, kọ́, kọ́. Nígbà tí wọ́n yà sọ́tùn-ún, ó dún kọ́kọ́kọ́kọ́kọ́, bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ọkọ̀ yìí náà ti ń kánjú," Alájì ní, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ohun tó fà á. Ọjọ́ tí a wà ní Hanoukopé, mo gbọ́ tí Sàkáríyà ń sọ fún ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà pé tí ìró yẹn bá ń sáré, gílóòbù kan ti kú níta. Ó yẹ kí n sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni. Mo yí ojú sí fèrèsé, mo ń wo àwọn tó ń ta búrẹ́dì.

Ní ọjọ́ Àìkú, a lọ sí Avépozo níbi tí Alájì ti ń kọ́lé. Ojú ọ̀nà etí òkun la gbà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé, Alájì tẹ iná láti yà sọ́tùn-ún. Kọ́kọ́kọ́kọ́kọ́. Mo gbọ́ ọ. Mo tún rí alùpùpù kan nínú dígí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń bọ̀ lápá ọ̀tún wa, ó fẹ́ kọjá, nítorí kò sí ohun tó sọ fún un pé a fẹ́ yà.

Ìró náà kò tiẹ̀ pọ̀. Gbàù kan péré.

Jonas ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ni, àwọn tí a ń pè ní zémijáń. Ó wà lórí iyanrìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í tẹ̀. Kò ké. Ó kọ́kọ́ mú fóònù rẹ̀ jáde nínú àpò, ó wo ojú rẹ̀ bóyá ó fọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Alájì ní èdè Mina pé, "Papa, ẹ ò tan kilinyòtáń." Iná igun ló ń pè bẹ́ẹ̀.

"Mo tàn án," Alájì ní. "Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mo tàn án."

Àwọn èèyàn ní kí wọ́n tún tàn án kí àwọn rí i. Ti òsì ń tàn, ó ń kú. Ti ọ̀tún dúró bí ojú afọ́jú, omi kún inú rẹ̀.

Alájì gbé Jonas lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n gba Hanoukopé lọ, wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn.

"Apànìyàn," ni wọ́n fi kí Sàkáríyà.

Sàkáríyà ń jẹun lọ́wọ́. Ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Alájì, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ti kán. Lọ wo iná tí o ṣe. Ẹja ló kù kí n sìn síbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n tú u wò."

"O ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé."

"Ta ló fọwọ́ kàn án lẹ́yìn mi?"

"Ta ni ì bá fọwọ́ kàn án? Ṣebí ìwọ lo ní ó ń mí. Ó ti mí, ó ti rì sómi."

Sàkáríyà wo Alájì, lẹ́yìn náà ó wo èmi. Mo tẹrí ba, mo ń wo èèrà tó ń gun abọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ẹnu Alájì tóbi lọ́jà. Kó tó di Ọjọ́rú, gbogbo àwọn tiwa ti gbọ́ pé iṣẹ́ Sàkáríyà fẹ́ pa èèyàn. Àwọn kan wá wọ́ ọkọ̀ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìtíì parí, wáyà ń yọ bí ìfun níwájú rẹ̀. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ló jókòó sórí táyà.

Ó gbé ẹjọ́ náà lọ bá Alfa mọ́ṣáláṣí wa. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bí ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó sábẹ́ ìbòòji mọ́ṣáláṣí. Ọkọ̀ Alájì wà níwájú wa, irinṣẹ́ Sàkáríyà sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Alájì rojọ́, wọ́n pariwo, òógùn bò wọ́n. Nígbà tí wọ́n parí, Sàkáríyà dìde.

"Mi ò ní pariwo," ó ní. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí Alájì fi Kùránì búra pé kò sí ọwọ́ míràn tó kan iná yẹn lẹ́yìn tèmi. Tí wọ́n bá búra, màá kó irinṣẹ́ mi. Mi ò ní tún iná ọkọ̀ Yorùbá kankan ṣe mọ́ ní Lomé."



Alfa ní, "Ìbúra kì í ṣe omi mímu. Alájì, ẹ kọ́kọ́ wádìí ilé yín ná."

"Kí ni màá wádìí?" Alájì yíjú. Wọ́n wá mi títí wọ́n fi rí mi níbi tí mo sá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bàtà. "Rídúwánù, ìwọ lo máa ń wà nílé jù. Ǹjẹ́ o rí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan iná yìí?"

Ojú èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rọ́ lù mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Ọlọ́run fún mi láyè níbẹ̀. Alájì dúró. Alfa dúró. Sàkáríyà tiẹ̀ gbójú kúrò lára mi, bíi pé kò fẹ́ kí ẹ̀rù bà mí.

"Rárá, Bàbá," ni mo sọ.

Alájì lọ ṣe àlùwàlá. Wọ́n padà wá, omi ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ wọn sórí ẹní. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Kùránì, wọ́n búra.

Sàkáríyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ti tó," Alfa ní. "Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, tú iná náà. Kí gbogbo wa fojú rí ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ó tú ìdè méjì, ó fa iná náà jáde, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Kò sí omi tó kán. Ó mì í. Omi ń ró nínú, kò sí ibi tó máa gbà jáde. Ó yí ìdí rẹ̀ sókè, ó dúró sójú kan.

Ó fi ìka hó nǹkan funfun kan jáde nínú ihò. Ó gbé e sí imú. Ó rìn tààrà lọ bá Alfa, ó nà án sí wọn.

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀."

"Fínígà," Alfa ní.

"Ẹ wo ìlà tèmi, dúdú ni. Kò ní òórùn. Èyí funfun, ti balùwẹ̀ ni, wọn kì í fi sára iná. Kíkan rẹ̀ máa ń jẹ irin. Ẹ wá wo ìdí gílóòbù." Ó yọ ọ́. Bàbà tó wà níbẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. "Ẹnìkan dí i. Mo sì sọ níwájú ẹlẹ́rìí pé kí wọ́n má dí i."

Alájì gba nǹkan funfun náà. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ṣàròyé nípa òórùn yẹn nígbà tí Célestin tún balùwẹ̀ ṣe. Wọn kò yíjú kíá. Wọ́n rọra yí i, bí ẹni tí ọrùn ń dùn.

"Rídúwánù."

"Èmi ni, Bàbá."

Èsì tí mo ti tò sílẹ̀ fún ìyìn ló jáde.

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Mo fẹ́ kí wọ́n gbá mi. Wọ́n kàn ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara wọn. "O jẹ́ kí n gbé ọwọ́ yìí lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run," wọ́n ní. "O rí mi tí mò ń lọ ṣe àlùwàlá, o dákẹ́."

Alfa ní ẹni tó búra lórí ohun tó gbà pé òótọ́ ni kò dẹ́ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́rùn ẹni tó purọ́ fún un. Síbẹ̀ Alájì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Inú yàrá wọn ni wọ́n ti ń ṣínu, wọn kò sì jẹ́ kí n gbé omi wọlé fún àwọn.

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Sàkáríyà lọ́jọ́ náà.

"Dìde," ó ní. "Ilẹ̀ kọ́ lo ṣẹ̀."

Mo dìde.

"Dídí tí o dí i, àṣìṣe nìyẹn, èmi náà máa ń ṣe é. Mo sọ fún ọ pé ó ń mí, o ò gbà, torí pé èmi ò dé líísè. Ìyẹn náà, mo lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n o jókòó síbẹ̀ yẹn. O ń wò mí tí mò ń kó irinṣẹ́ mi. Ṣé o fẹ́ jẹ́ kí n kó o tán ni?"

Ó yíjú sí Alájì. Ohùn rẹ̀ wá gbéra sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ̀yin náà, Alájì. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tún ọkọ̀ yín ṣe. Mo ní kí n tú u wò, ẹ kọ̀. Apànìyàn lẹ fi kí mi níwájú oúnjẹ mi."

Àwọn ọkùnrin tó jókòó ń wo ẹní. Nínú wọn ni àwọn tó wá wọ́ ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ wà.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Kò tíì kan ìyẹn. Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mo ba iṣẹ́ jẹ́, lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Má fi fóònù ṣe é. Tí o bá parí, kí o wá."

Èmi tí mò ń kí àlejò láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wá di ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kiri Gbossimé. Ìyá kan tó ń jẹ́ Morìnsọ́lá, tó ní ọkọ̀ akérò, kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ yìí náà máa ń sọ̀rọ̀?" Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn. Wọ́n ní kí n jáde.

Bọ̀ọ̀dá Ọlájídé gbọ́ mi tán, wọ́n mi orí. "A dúpẹ́ pé o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n a ti rí ríwáyà míràn, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. A ò lè lé e torí pé ìwọ pẹ́ kí o tó lanu." Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Irọ́ mi rìn ní ọjọ́ kan. Òtítọ́ mi dé, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò.

Mo lọ sí Avépozo. Jonas wà lórí ẹní níwájú yàrá rẹ̀, sìmẹ́ńtì funfun bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé itan. Ó gbọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Ìwọ lo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Papa?" ó bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí kilinyòtáń bá ti kú, ó máa ń sáré dún nínú ọkọ̀. O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

Ó yí ojú sí ògiri. "Máa lọ," ó ní.

Mo lọ. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé kò sí ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀ tó le. Abẹ́rẹ́ kan. Gbólóhùn kan nínú ọkọ̀. Gbólóhùn kan ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, tí wọ́n ń yìn pé ẹ níwà pẹ̀lẹ́, pé ẹ kì í sọ̀rọ̀, ẹ yẹ ìdákẹ́ yín wò dáadáa. Tèmi kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́. Ojo ni, mo sì fi í ṣá èèyàn mẹ́ta lọ́gbẹ́.

N kò tíì padà lọ tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ Sàkáríyà, nítorí n kò tíì parí. Ọ̀rọ̀ Alájì ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kútọnu, ó ti bá àwọn míràn dé Nàìjíríà, n kò sì mọ ilé wọn. Ìwé ìròyìn yìí ló lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Tí ẹ bá wà lára àwọn tó gbọ́ ọ, ẹ gbọ́ èyí náà: Sàkáríyà ríwáyà ti Hanoukopé kò ba iná ọkọ̀ kankan jẹ́. Ẹ gbé ọkọ̀ yín padà lọ bá a.